Ilé Wo Ni Wọ́n Wò? Àyẹ̀wò Orúkọ Àwọn Ẹgbẹ́ Afọkànhàn

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí jinlẹ̀ ju bí a ti ń lò ó lójoojúmọ́ lọ. Ohun tí ó ń kọ́ wa ni pé orúkọ kì í dá dúró. Orúkọ ní ìdílé tí ó ti wá, ó ní ìgbà tí a sọ ọ́, ó sì ní ẹni tí ó ní àṣẹ láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn ènìyàn tí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà bá kó ara wọn jọ, tí wọ́n sì ń wá orúkọ tí wọn yóò máa jẹ́, ilé wo ni wọn yóò wò? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí, lórí àwọn ènìyàn kan ní Amẹ́ríkà, ní Yúróòpù àti ní Bràsíl, tí ohun tí ó kó wọn jọ jẹ́ oògùn tí í yí ojú ọkàn padà, tí í mú kí ènìyàn máa rí ohun tí ojú lásán kò rí. Lára irú oògùn bẹ́ẹ̀ ni LSD, tí Albert Hofmann kọ́kọ́ pèsè ní Switzerland ní 1938. Olú kan tí ó ń hù ní àwọn òkè Mexico. Peyote, ewéko kékeré kan tí ó ń hù ní aṣálẹ̀ Mexico àti gúúsù Texas. Àti ayahuasca, àgbo tí àwọn ará igbó Amazon ń fi ìtàkùn àti ewé sè.

Ó lè ya òǹkàwé lẹ́nu pé ìwé ẹgbẹ́ wa fi àyè sílẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ yìí. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Orúkọ jẹ́ ewì tí ó kúrú jù lọ tí ènìyàn lè kọ, Yorùbá sì jẹ́ ẹ̀yà tí ó ti ronú gidigidi lórí ìsọmọlórúkọ. A mọ orúkọ àmútọ̀runwá yàtọ̀ sí orúkọ àbísọ; a mọ oríkì, a mọ àlàjẹ́; a mọ èyí tí òbí sọ ọmọ, a sì mọ èyí tí àwọn ará àdúgbò fi ń bú u. Bí a bá fi irinṣẹ́ wọ̀nyí yẹ ọ̀rọ̀ àwọn ará ìlú mìíràn wò, a ó rí ohun tí àwọn alámèyítọ́ tiwọn kì í sábà rí. Kò sí ohun kan nínú ọ̀rọ̀ mi tí ó gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ kan ẹnu. Iṣẹ́ lámèyítọ́ ni mo dáwọ́ lé, n kì í ṣe oníṣègùn.

Orúkọ tí àwọn oníṣègùn sọ

Ní 1953, Humphry Osmond, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Saskatchewan ní Kánádà, fún Aldous Huxley, òǹkọ̀wé, ní mescaline mu. Huxley kọ ìwé The Doors of Perception lórí ohun tí ó rí, ìwé náà sì jáde ní 1954. Orúkọ tí àwọn oníṣègùn ń pe irú oògùn bẹ́ẹ̀ nígbà náà ni psychotomimetic, èyí ni ohun tí í sín wèrè jẹ. Orúkọ yìí kò tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn, nítorí pé ẹni tí a bá sọ fún pé ohun tí òun mu ń sín wèrè jẹ ti mọ ojú tí a fi ń wo òun. Ní 1956 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí ara wọn láti wá orúkọ tí ó dára. Huxley mú phanerothyme wá, ó sì fi ewì ìlà méjì gbè é lẹ́sẹ̀. Osmond náà fi ewì ìlà méjì dá a lóhùn, nínú èyí tí ó ti mú orúkọ tirẹ̀ wá: psychedelic. Ní 1957 ó gbé e jáde fún gbogbo ayé, orúkọ náà sì mọ́ oògùn wọ̀nyí lára títí di òní.

Inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ni ó ti fa orúkọ náà yọ, ọ̀kan dúró fún ọkàn, èkejì dúró fún pé kí nǹkan hàn kedere. Bí a bá fẹ́ fi ọ̀nà tiwa hun ún, a lè pè é ní afọkànhàn, ọ̀rọ̀ tí n ó máa lò láti ìhín lọ. Orúkọ tí ó dùn létí ni, ó sì gba àwọn olóògùn lọ́wọ́ èébú. Ṣùgbọ́n kí á wo ohun tí ó sọ dáadáa. Ó ní ohun tí ènìyàn rí nígbà tí ó mu oògùn náà wà nínú ọkàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, oògùn kàn ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ni. Bí ẹlòmíràn bá gbà pé ẹ̀mí kan láti ìta ni ó wá bá òun sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ẹni tí ó pe nǹkan náà ní afọkànhàn ti dá ẹjọ́ kí ẹlẹ́jọ́ tó ro ẹnu. Orúkọ tí ó jọ pé ó ń ṣàpèjúwe lásán ti gbè sẹ́yìn apá kan.

Orúkọ tí àwọn oníwèé ìròyìn sọ

Àwọn tí wọ́n gba oògùn náà lọ́wọ́ oníṣègùn, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ti ìgboro, kò jẹ́ orúkọ Gíríìkì. Ní 1965, ìwé ìròyìn kan ní San Francisco bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò Haight-Ashbury ní hippie. Láàárín ọdún méjì, orúkọ náà ti kárí ayé, àwọn ènìyàn sì ń wọ́ wá sí àdúgbò náà láti ibi gbogbo láti wá jẹ́ ohun tí wọ́n kà nínú ìwé ìròyìn. Kí ni àwọn tí ó ni àdúgbò ṣe? Ní ọjọ́ 6 oṣù Ọ̀wàwà 1967, ọdún kan gééré lẹ́yìn tí òfin California tí ó ka LSD léèwọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n gbé pósí, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n sì ṣe ìsìnkú hippie. Ní àkókò náà gan-an ni ilé ìtajà tí wọ́n ń pè ní Psychedelic Shop, tí ó ṣí ilẹ̀kùn ní 1966, tì í. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ọmọ tí àwọn oníwèé ìròyìn bí, kí àwọn oníwèé ìròyìn wá gbé òkú rẹ̀.

Ìsìnkú yìí yẹ fún àkíyèsí gbogbo ẹni tí ó ń kọ́ nípa orúkọ. Ènìyàn lè kọ orúkọ tí a sọ ọ́. Ó lè bínú sí i. Ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ kí ó sin ín bí ẹni sin òkú. Síbẹ̀, ìsìnkú náà kò ta òkú jí, bẹ́ẹ̀ ni kò pa alààyè. Títí di òní hippie ni ayé ń pè wọ́n. Orúkọ tí ìta sọni kì í gbọ́ àṣẹ ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ. Àlàjẹ́ kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n mú èébú náà, wọ́n sì fi ṣe aṣọ ẹgbẹ́. Freak ni ọ̀kan nínú wọn, ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ẹ̀dá tí ìṣẹ̀dá rẹ̀ kò bá ti ẹlòmíràn mu. Ní 1971, ẹgbẹ́ olórin Grateful Dead fi ìkéde sínú àwo orin wọn kan láti kó àwọn olólùfẹ́ wọn jọ, orúkọ tí wọ́n sì fi pè wọ́n kò ju freak yìí lọ. A kò gbọdọ̀ rò pé ọgbọ́n tuntun ni. Ìyá tí àbíkú ti dá lóró a máa pe ọmọ rẹ̀ ní Àkísàátán tàbí Ààtàn, kí ikú má bàa rí ohun tí yóò wù ú lára rẹ̀. Orúkọ burúkú di asà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni fún àwọn freak: ẹni tí ó ti pe ara rẹ̀ ní ohun tí kò dára, èébú wo ni ó kù tí a ó fi bú u?

Òmíràn ni head, èyí tí í ṣe orí. Acid head ni ẹni tí ó ń lo LSD; Deadhead ni ẹni tí ó ń tẹ̀ lé Grateful Dead láti ìlú dé ìlú. Yorùbá yóò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yẹ òun sí, yóò sì rò pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti mọ orí bí a ti mọ̀ ọ́n. Kí ìjọra ọ̀rọ̀ má tàn wá jẹ. Orí tiwa ni ìpín tí ènìyàn yàn ní ọ̀run kí ó tó wá sáyé; kò sí ohun tí a mu tí ó lè dá a. Head tiwọn jẹ́ àpò tí oògùn kún. Bí oògùn bá tán, head ti ṣófo. Orúkọ náà kò sọ ibi tí ènìyàn ti wá, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ibi tí ó ń lọ. Ohun tí ó gbé mì nìkan ni ó sọ.

Orúkọ níwájú adájọ́

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni ilé ẹjọ́, nítorí pé níbẹ̀ orúkọ lè ti ènìyàn mọ́ ẹ̀wọ̀n, ó sì lè yọ ọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù Ọ̀wàwà 1918, àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi peyote jọ́sìn forúkọ ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní Oklahoma: Native American Church. Orúkọ náà gbọ́n. Àwọn tí wọ́n ń gbógun tì wọ́n ń pe peyote ní oògùn olóró. Àwọn náà fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìjọ, wọ inú ilé tí òfin Amẹ́ríkà ti kọ́ fún ẹ̀sìn. Ìgbà kan wà tí ilé náà mì: ní 1990, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé ìpínlẹ̀ Oregon lè fi owó àìríṣẹ́ṣe du àwọn tí ó jẹ peyote nínú ìsìn. Ṣùgbọ́n ní 1994 àwọn aṣòfin ṣe òfin tí ó dáàbò bo ìlò peyote láàárín àwọn ọmọ onílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo àwọn tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ lé ipasẹ̀ wọn. Ní 1966, Timothy Leary, ẹni tí Yunifásítì Harvard ti lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 1963, dá League for Spiritual Discovery sílẹ̀. Ẹni tí ó bá kó lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀ jọ yóò rí LSD. Ẹ̀fẹ̀ ni, ẹ̀fẹ̀ náà sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ tí ó fi oògùn ṣáájú Ẹlẹ́dàá ni. Ti Neo-American Church, tí Arthur Kleps dá sílẹ̀ ní 1965, tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Boo Hoo ni wọ́n ń pe àwọn àlùfáà wọn. Ọ̀pọ̀lọ́ olójú mẹ́ta ni ó wà lára àmì ìjọ. Orin àwọn ọmọdé kan ni wọ́n fi ṣe orin ìjọ. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn dé iwájú adájọ́ ní Washington ní 1968, tí ó ní ẹ̀sìn òun ni ó fàyè gba òun, adájọ́ ka orúkọ àti àmì wọ̀nyí, ó sì kọ̀ láti gbà pé ẹ̀sìn ni.

Ǹjẹ́ adájọ́ ṣe ohun tí ó tọ́? Ìwádìí yìí kì í ṣe tiwa. Ohun tí ó kan lámèyítọ́ ni pé adájọ́ náà ṣe lámèyítọ́. Ó ka orúkọ bí a ti ń ka ewì, ó sì wò ó bóyá ẹni tí ó sọ ọ́ gbà á gbọ́. Àwọn ọmọ onílẹ̀ wo ilé kí wọ́n tó sọ ọmọ wọn lórúkọ. Àwọn Boo Hoo wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ onílé, wọ́n sì fi onílé rẹ́rìn-ín. Nígbà tí òjò dé, onílé kò ṣílẹ̀kùn.

Orúkọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé tún ṣe

Ní 1979, àwọn ọ̀mọ̀wé márùn-ún, tí Carl Ruck àti Gordon Wasson wà nínú wọn, kọ àpilẹ̀kọ kan láti gba afọkànhàn kúrò nílẹ̀. Wọ́n ní àwọn hippie ti ba orúkọ náà jẹ́, kò sì yẹ kí á fi pe ohun tí àwọn baba ńlá ẹlòmíràn ń fi jọ́sìn. Orúkọ tí wọ́n mú wá ni entheogen, láti inú Gíríìkì pẹ̀lú: ohun tí í mú kí Ọlọ́run wà nínú ènìyàn. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí: ìwé ìwádìí tí wọ́n kọ ọ́ sí, Journal of Psychedelic Drugs ni ó ń jẹ́, nígbà tí ó sì di 1981, ìwé náà fúnra rẹ̀ pa orúkọ dà.

Mo bu ọlá fún èrò tí ó wà lẹ́yìn iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Àwa náà mọ ohun tí a ń sọ nígbà tí a bá ní òrìṣà gun ènìyàn. Ẹlẹ́gùn ni a ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa, òrìṣà ni ó ṣe iṣẹ́, ènìyàn ni ó gbà á, àwọn tí ó ń lu ìlù tí wọ́n sì ń kọ orin ni ẹlẹ́rìí. Entheogen kò dárúkọ òrìṣà kan, kò dárúkọ ènìyàn kan. Ohun tí a gbé mì ni ó dárúkọ. Àléébù kan náà ni ó wà lára head àti afọkànhàn. Ti psychonaut kò yàtọ̀ púpọ̀, orúkọ tí Ernst Jünger, òǹkọ̀wé Jámánì, lò nínú ìwé rẹ̀ ní 1970, tí ọ̀pọ̀ sì ń jẹ́ lónìí. Atukọ̀ ọkàn ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó dárúkọ ènìyàn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ènìyàn kan ṣoṣo nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ àwọn adánìkan-tukọ̀, irú ẹgbẹ́ wo nìyẹn?

Orúkọ tí a mú nínú ilé onílé

Ní oṣù Òkúdù 1955, Wasson kan náà dé Huautla de Jiménez ní Oaxaca ní Mexico, níbi tí María Sabina, obìnrin Mazatec kan, ti fún un ní olú jẹ nínú ìsìn òru. Ní ọjọ́ 13 oṣù Èbìbí 1957 ni ó kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Life. Ó fi orúkọ mìíràn bo obìnrin náà láṣìírí, ṣùgbọ́n aṣọ tí ó fi bò ó kò gùn tó. Àwọn àjèjì wọ́ lọ sí Huautla, ìlú dàrú, àwọn ará ìlú bínú sí María Sabina, wọ́n sì sun ilé rẹ̀. Ó kú ní 1985, pẹ̀lú òkìkí, láìsí owó.

Ẹ kíyè sí àwọn orúkọ. Ọmọ mímọ́ ni òun ń pe olú náà, ó sì gbà pé olú ni ó ń gba ẹnu òun sọ̀rọ̀. Àkọlé ìwé ìròyìn Life pè é ní olú idán. Ẹni tí ó mọ̀ ni àwọn Mazatec ń pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ní èdè wọn. Àwọn olùfẹ́ oògùn pè é ní shaman, ọ̀rọ̀ tí ó ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Siberia wá, tí àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù sì tàn káàkiri ayé. Nínú gbogbo orúkọ tí ó sọ ọ́ di olókìkí, kò sí ọ̀kan tí ó jẹ́ tirẹ̀.

Lónìí, ọ̀rọ̀ tí ó gbòde láàárín wọn ni plant medicine, egbòogi. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ ni èyí náà, nítorí pé egbòogi ni àwọn ìjọ peyote ń pe peyote. Nígbà tí àwọn ìlú bíi Oakland sì bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn òfin lórí irú ewéko bẹ́ẹ̀ láti 2019, àwọn àgbà Native American Church ní 2020 bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má ka peyote mọ́ wọn, nítorí pé peyote kì í tètè dàgbà, ó sì ti ń wọ́n nílẹ̀ Texas. Òfin tí àwọn ará Colorado dìbò fún ní 2022 yọ peyote sílẹ̀ ní tòótọ́. Ẹ̀bẹ̀ yìí fi hàn pé ẹni tí ó bá ti jẹ́ orúkọ onílé kì í pẹ́ kí ó tó máa bèèrè fún oko rẹ̀.

Àléébù mìíràn tún wà. Egbòogi jẹ́ orúkọ tí ó ń yìn nìkan. Àwọn kan mu oògùn wọ̀nyí, ìbẹ̀rù bá wọn, ọkàn wọn sì dàrú fún ìgbà pípẹ́. Níbo ni orúkọ náà fi wọ́n sí? Oríkì Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó ti ń ka iṣẹ́ ọlá akọni, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ka ìwà ipá rẹ̀ àti gbèsè tí ó jẹ, kò sì fi nǹkan pamọ́ fún ẹni tí ó ń gbọ́. Orúkọ tí kò lè sọ àléébù ohun tí ó dárúkọ, ìpolówó ọjà ni.

Daime

Mo fi èyí tí ó wù mí jù sí ìgbẹ̀yìn. Raimundo Irineu Serra, ọmọ adúláwọ̀ láti Maranhão ní Bràsíl, lọ ṣiṣẹ́ rọ́bà ní Acre nínú igbó Amazon. Níbẹ̀ ni ó ti mọ ayahuasca. Ní 1930 ó bẹ̀rẹ̀ ìsìn kan ní Rio Branco, ó sì pe àgbo náà ní Daime. Ẹ̀bẹ̀ ni orúkọ yìí ní èdè Potogí: fún mi. Fún mi ní ìmọ́lẹ̀, fún mi ní ìfẹ́, fún mi ní agbára. Ọmọ Maranhão kan náà, Daniel Pereira de Mattos, dá ìjọ Barquinha sílẹ̀ ní 1945, nínú èyí tí a ti ń ké pe orixá, àwọn òrìṣà tí àwọn ọmọ Yorùbá kó dé Bràsíl. Maranhão yìí kan náà ni Casa de Nagô wà, ní São Luís, ilé òrìṣà tí orúkọ àwọn baba wa kò tíì kúrò lára rẹ̀.

Kí ni ó dára nínú Daime? Ó jẹ́ orúkọ tí í sọ̀rọ̀. Yorùbá mọ irú rẹ̀: Málọmọ́, Dúrósinmí, Bánjókòó. Ìyá tí ó ń pe ọmọ rẹ̀ ní Málọmọ́ ń bẹ̀ ẹ́ nígbàkúùgbà tí ó bá pè é. Bẹ́ẹ̀ ni ti Daime: ẹni tí ó dárúkọ rẹ̀ ti gbàdúrà, ó ti gbà pé òun ṣe aláìní, ó sì ti gbà pé ẹnìkan wà tí ó lè fúnni. Èmi wà nínú rẹ̀, Ìwọ sì wà nínú rẹ̀. Kò fi Gíríìkì ṣe fọ́rífọ́rí, kò pa ẹ̀fẹ̀, kò sì jí orúkọ onílé. Ìjọ mìíràn tí ó ń mu àgbo kan náà, União do Vegetal, tí José Gabriel da Costa dá sílẹ̀ ní 1961, ní orúkọ tí ó fara jọ ọ́: ìṣọ̀kan ni ó fi ṣáájú ewé. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà gba àgbo wọn ní 1999, tí ọ̀rọ̀ sì dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní 2006, gbogbo adájọ́ mẹ́jọ tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà ni ó dá wọn láre.

Iṣẹ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí fún wa, àwa tí a ń kọ èdè Yorùbá tí a sì ń kọ́ni. Lórí rédíò àti nínú ìwé ìròyìn wa, oògùn olóró ni a ń pe gbogbo nǹkan wọ̀nyí, láti orí heroin títí dé orí àgbo tí àwọn ọmọ adúláwọ̀ Bràsíl fi ń gbàdúrà. Mo mọ ìdí rẹ̀: òfin ilẹ̀ wa kò fàyè gba irú oògùn bíi LSD, kò sì yẹ kí olùkọ́ fi ẹnu dídùn tan ọmọ ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n bí a bá ń túmọ̀ ìtàn María Sabina, tí a sì pe ọmọ mímọ́ rẹ̀ ní oògùn olóró, a ti ṣe bí àwọn ọ̀tá peyote ti ṣe ní Oklahoma. Bí a bá sì pè é ní egbòogi láìsọ jù bẹ́ẹ̀, a ti bá àwọn olùpolówó polówó. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí á pa oògùn olóró mọ́ fún èyí tí ń pani, kí á lo afọkànhàn níbi tí a bá ń sọ̀rọ̀ oníṣègùn, kí á sì jẹ́ kí ohun tí ó ní orúkọ nínú ilé tirẹ̀ máa jẹ́ orúkọ náà. Àgbo náà ń jẹ́ Daime ní Rio Branco. Kò sí ìdí tí kò fi ní máa jẹ́ Daime ní Ìbàdàn.

Ẹni tí ó bá ní orúkọ lásán ni gbogbo èyí, kí ó rántí àwọn ènìyàn méjì níwájú adájọ́ Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n mu fara jọra. Orúkọ tí wọ́n jẹ́ kò jọra, ìdájọ́ tí wọ́n sì gbà kò jọra.